Bọ́ọ̀sì Onípẹ̀tẹ́ẹ̀sì Lọ́ńdọ̀nù Ti Lọ, Ẹrù Tiwa Ńkọ́?

  A mọ̀ pé bí àwọn kan bá rí àkọlé yìí, wọ́n á ní, "Kí ló kan àwa aláta nínú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì òyìnbó?" Ẹ fara balẹ̀. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè. Bọ́ọ̀sì kan wà tí ìlú ńlá kan fẹ́ràn bí ojú, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn mú un kúrò ní títì. Bí wọ́n ṣe mú un kúrò, ohun tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, àti bí ìrọ́pò yẹn náà ṣe tún bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí wa níbí gan-an. Ó yẹ ká gbọ́ ọ kí àwọn kan tó jókòó sórí àga ìjọba bá wa pinnu tiwa.

Routemaster ni orúkọ bọ́ọ̀sì náà. Ẹ ti rí i lára ife tíì àti lára báàgì tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun: pupa fòò, alájà méjì, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu láìní ilẹ̀kùn. Àwọn ìyá wa tó máa ń lọ ra aṣọ ní Liverpool Street láyé ọjọ́un mọ̀ ọ́n dáadáa. Ọjà Petticoat Lane wà nítòsí ibẹ̀, àwọn ìsọ̀ tó wà ní òpópónà Wentworth sì di ibi tí àwọn ará Nàìjíríà ti ń wá léèsì àti ànkárá. Nọ́ńbà 8 ń gba Liverpool Street kọjá. Nọ́ńbà 12 àti nọ́ńbà 36 ń gba Peckham, níbi tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí débi tí wọ́n fi ń pè é ní Èkó kékeré. Nítorí náà, kì í ṣe bọ́ọ̀sì àjèjì pátápátá. Owó ọjà wa wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀.

Ọdún 1954 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde fún aráyé wò. Ọjọ́ 8 oṣù kejì 1956 ló kọ́kọ́ gbé èrò, lórí nọ́ńbà 2, láti Golders Green sí Crystal Palace. Ilé iṣẹ́ AEC ní Southall ló ń ṣe ẹ̀rọ rẹ̀, ilé iṣẹ́ Park Royal ló ń kan ara rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe é lọ títí di 1968. Gbogbo èyí tí wọ́n ṣe jẹ́ 2,876. Àwọn òṣìṣẹ́ London Transport fúnra wọn ló ronú rẹ̀ jáde. A. A. M. Durrant ló ṣáájú wọn, Douglas Scott ló sì ṣe ìrísí rẹ̀. Nígbà ogun Hitler, àwọn ará London Transport ti bá ìjọba kan bàálù ogun, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń fi páànù fẹ́ẹ́rẹ́ tí kì í dógùn-ún, álúmíníọ̀mù ni, kan nǹkan tó lágbára. Ìyẹn ni wọ́n fi kan bọ́ọ̀sì náà. Èyí tó kéré ń gba èèyàn 64 ní ìjókòó, èyí tó gùn ń gba 72. Wọ́n sì ṣe é lọ́nà tí wọ́n fi lè tú u palẹ̀ bí ẹ̀rọ ìránṣọ, kí wọ́n yọ èyí tó jẹ, kí wọ́n fi òmíràn sí i. Òun ló fà á tí àwọn kan nínú wọn fi ṣiṣẹ́ ju 40 ọdún lọ. Ẹ fi èyí wé bọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n ń gé tẹ́ẹ́pù fún láàárọ̀, tó sì ti di ilé adìyẹ ní ọdún kẹrin.

Àmọ́ kì í ṣe páànù ni wọ́n fẹ́ràn. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ṣí sílẹ̀ yẹn ni, àti ẹni tó dúró níbẹ̀. Dírẹ́bà wà nínú yàrá kékeré tirẹ̀ níwájú, kò gbowó lọ́wọ́ èrò, kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn, ojú ọ̀nà nìkan ló ń wò. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ló ni inú ọkọ̀. Òun ló ń gbowó, òun ló ń já tíkẹ́ẹ̀tì, òun ló ń sọ fún àlejò pé ibi tó ń lọ ti dé, òun ló ń lu aago sí dírẹ́bà: ẹ̀ẹ̀kan kó dúró, ẹ̀ẹ̀mejì kó máa lọ. Bí ọkọ̀ bá há sínú gósíló, èèyàn lè bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn kó máa fẹsẹ̀ rìn lọ. Bó bá ń rọra lọ, ẹni tẹ́sẹ̀ rẹ̀ yá lè fò gùn ún. (Ẹ̀yin ọmọ Èkó, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ohun tí wọ́n ń torí ẹ̀ pè wá ní ará oko, Òyìnbó ń ṣe é lójoojúmọ́, wọ́n sì ń pè é ní òmìnira.)

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti ẹrù, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wa wà. Lábẹ́ àtẹ̀gùn tó gòkè lọ sí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, wọ́n dìídì fi àyè kan sílẹ̀ fún ẹrù. Ẹni tó bá gbé àpò aṣọ bọ̀ láti ọjà kò ní gbé e lé ẹlòmíì lẹ́sẹ̀. Á tì í sábẹ́ àtẹ̀gùn, kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ á máa ṣọ́ ọ. Ẹni tó ya àwòrán ọkọ̀ yẹn ní nǹkan bí 70 ọdún sẹ́yìn rántí pé èèyàn kì í ṣe ìdí nìkan. Ìdí ń jókòó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ máa ń gbé nǹkan.

Ta ni àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ yìí? Obìnrin pọ̀ nínú wọn. Aláwọ̀ dúdú náà sì pọ̀, torí pé láti 1956 ni London Transport ti ń lọ gba òṣìṣẹ́ ní Barbados. Kò rọrùn níbi gbogbo o. Ní ìlú Bristol, ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wọn lóun ò ní gba aláwọ̀ dúdú fún iṣẹ́ dírẹ́bà tàbí kọ̀ńdọ́kítọ̀. Ní 1963 àwọn aláwọ̀ dúdú ìlú náà kọ̀, wọn ò wọ bọ́ọ̀sì mọ́, wọ́n ṣe é fún bí oṣù mẹ́rin títí ilé iṣẹ́ náà fi gbà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé ìtàn yẹn, a máa lò ó lọ́jọ́ kan.

Ní 1982 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó Routemaster kúrò ní púpọ̀. Ọkọ̀ tuntun tí dírẹ́bà nìkan ń wà, tó tún ń gbowó, ni wọ́n ń kó dé. Ní 1994 ìjọba ta àwọn ilé iṣẹ́ bọ́ọ̀sì Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn aládàáni. Síbẹ̀ Routemaster ṣì ń sáré láàárín ìlú. Nígbà tí Ken Livingstone di olórí ìlú ní 2000, wọ́n tilẹ̀ tún ra mélòó kan padà, wọ́n tún wọn ṣe, wọ́n fi ẹ̀rọ tuntun sí wọn nínú. Gbogbo èèyàn rò pé ó ti yè. Àfi bí wọ́n ṣe yí ohùn padà ní 2003 pé gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà kan lẹ́yìn òmíràn ni. Nọ́ńbà 8 lọ ní oṣù kẹfà 2004. Nọ́ńbà 73 lọ ní oṣù kẹsàn-án. Nọ́ńbà 12 lọ ní oṣù kọkànlá. Nọ́ńbà 36 lọ ní oṣù kìíní 2005, bẹ́ẹ̀ ni Peckham ò rí i mọ́. Nọ́ńbà 38 lọ ní oṣù kẹwàá. Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 9 oṣù kejìlá 2005, nọ́ńbà 159 tó kẹ́yìn gbéra ní Marble Arch, ó sì wọ gáréèjì Brixton ní ọ̀sán. Èrò kún títì bí ẹni pé ọba ń kọjá, wọ́n ń ya fọ́tò, àwọn mìíràn ń sunkún.

Kí ni wọ́n sọ pé ó fà á? Ohun méjì ni, a ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa wọ́n pọ̀ mọ́ ara wọn.

Àkọ́kọ́ ni pé ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara kò lè wọ Routemaster láéláé. Àtẹ̀gùn wà ní ẹnu rẹ̀, inú rẹ̀ há. Ìyá tó ń ti ọmọ nínú kẹ̀kẹ́ náà á kọ́kọ́ ká kẹ̀kẹ́ yẹn kó tó wọlé. Àwọn kan sì ń ré bọ́ láti ẹ̀yìn tó ṣí sílẹ̀ yẹn. Lójú tiwa, ẹjọ́ yìí jàre. A ní àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí rọpárọsẹ̀ ti dá dúró, a ní àwọn tí wọ́n ń fi igi rìn láti kékeré, tí wọ́n sì ń tajà jù wá lọ. Ẹni tó bá ní kí wọ́n jókòó sílé torí pé bọ́ọ̀sì àtijọ́ lẹ́wà, onítọ̀hún kì í ṣe ọ̀rẹ́ wa. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: òfin tí wọ́n ṣe ní 1995 fún àwọn aláàbọ̀ ara, àsìkò tó fún bọ́ọ̀sì alájà méjì láti bá a mu wà títí di ìbẹ̀rẹ̀ 2017. Ọdún mọ́kànlá ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí wọ́n lé èyí tó kẹ́yìn lọ sí gáréèjì. Ta ló ń lé wọn?

Owó ni. Ìyẹn ni ìdí kejì. Routemaster ń gba owó oṣù èèyàn méjì, ọkọ̀ tuntun ń gba ti ẹnì kan. Àwọn tó ń ṣírò rò pé kọ̀ńdọ́kítọ̀ ò ṣe nǹkan kan ju pé ó ń gbowó lọ, káàdì sì lè ṣe ìyẹn. Ibẹ̀ ni a ti bá wọn jà o. Ẹni tó bá ti tajà rí mọ̀ pé ẹni tó dúró ti àtẹ kì í ṣe agbowó nìkan. Òun ló ń ṣọ́ olè, òun ló ń pe oníbàárà, òun ló ń pàrí ìjà. Bí o bá yọ ọ́ kúrò, o ti dín owó oṣù kù lóòótọ́. Wá ka ọjà rẹ nírọ̀lẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ló sì rí. Sórí ọ̀pọ̀ nọ́ńbà, títí kan 12, 38 àti 73, wọ́n kó bọ́ọ̀sì gígùn kan wá tó ní oríkèé láàárín bí ekòló, Mercedes ni, gígùn rẹ̀ tó mítà 18. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara lè wọ̀ ọ́, a yìn wọ́n fún ìyẹn. Àmọ́ ìlẹ̀kùn mẹ́ta ló ní, kò sì sí kọ̀ńdọ́kítọ̀ kankan. Èèyàn á gba ẹnu ọ̀nà àárín wọlé láìsan kọ́bọ̀, débi tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù fi ń pè é ní bọ́ọ̀sì ọ̀fẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2004, wọ́n kó gbogbo wọn kúrò ní títì fún àyẹ̀wò torí pé mélòó kan ti gbiná. Boris Johnson fi wọ́n ṣe ìpolongo ìbò, ó wọlé ní 2008, nígbà tó sì fi máa di oṣù kejìlá 2011, gbogbo wọn ti lọ. Ohun tó rọ́pò bọ́ọ̀sì tó lò ju 40 ọdún, òun alára kò lo ọdún mẹ́wàá.

Ó tún kù. Johnson ní kí wọ́n ya àwòrán Routemaster tuntun. Thomas Heatherwick ló ṣe ìrísí rẹ̀, Wrightbus ló kàn án, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lórí nọ́ńbà 38 ní ọjọ́ 27 oṣù kejì 2012. Ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí, wọ́n sì gba èèyàn láti dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ńdọ́kítọ̀ òde lásán ni: kò gbowó, kò já tíkẹ́ẹ̀tì, ó kàn ń wo ẹnu ọ̀nà. Fèrèsé rẹ̀ kò ṣeé ṣí, ooru ń pa èrò lókè, wọ́n tún ní láti padà wá fi fèrèsé tó ń ṣí sí i. Ní 2016 wọ́n dá gbogbo àwọn tó ń dúró lẹ́yìn ọkọ̀ sílẹ̀, owó ni wọ́n tún ní ó fà á. Láti 2020 ni wọ́n ti ní kí èrò máa gba iwájú nìkan wọlé, torí àwọn tí kì í sanwó. Ẹgbẹ̀rún kan ni wọ́n ti ṣe kí wọ́n tó dáwọ́ dúró. Ẹ bá wa wò ó: wọ́n lé kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ, wọ́n wá a padà, wọ́n tún lé e. Gbogbo owó ìdánwò yẹn, èrò ló san án.

Àwọn Routemaster àtijọ́ mélòó kan ni wọ́n fi sílẹ̀ lórí apá kan nọ́ńbà 9 àti 15 kí àlejò lè máa ya fọ́tò. Ti 9 parí ní 2014, ti 15 gbé èrò kẹ́yìn ní 2019. Ọkọ̀ tí wọ́n bá ti sọ di ohun ìwòran, ó ti kú nìyẹn.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sílé. Tiwa kì í ṣe Routemaster, molue ni. Ká má parọ́ fún ara wa: a ò sunkún molue. Mercedes 911 tí wọ́n ṣe fún ẹrù ni wọ́n kan páànù lé lórí tí wọ́n fi ń kó èèyàn. Irin rẹ̀ ya ìró wa, wọ́n fa àpò wa ya, a dúró láti Òṣòdì dé CMS pẹ̀lú orí ẹlòmíì lábẹ́ abíyá wa. Àwọn ọmọ tó ń kọ̀wé sí i báyìí bí ẹni pé ohun ẹ̀ṣọ́ ni, wọn ò wọ̀ ọ́ ní aago márùn-ún ìdájí rí. Nígbà tí bọ́ọ̀sì BRT bẹ̀rẹ̀ láti Mile 12 sí CMS ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 2008, ọ̀pọ̀ nínú wa dúpẹ́. Ó ní ọ̀nà tirẹ̀, ó mọ́, kò sí ẹni tó ń fi èékánná fà ọ́ láṣọ wọlé. A ṣì ń dúpẹ́ títí dòní.

Ṣùgbọ́n molue gbé ẹrù. Kọ́ńdọ̀ rẹ̀ burú lẹ́nu, síbẹ̀ á bá ọ gba agbọ̀n láti ilẹ̀, á jù ú sábẹ́ ìjókòó, á gba owó ẹrù lé e, o ò sì ní pàdánù ọjà rẹ. Lónìí, bí o bá gbé agbọ̀n tòmátì tàbí àpò ẹ̀gúsí dé ìdí bọ́ọ̀sì tuntun, wọ́n á ní kò gba irú ẹ̀. Bí ò bá ní káàdì, o ò lè wọlé. Lọ́ńdọ̀nù náà ti kọ owó lórí bọ́ọ̀sì láti oṣù keje 2014, ṣùgbọ́n ìyá aláta tó ti pé 70 ọdún, tí owó rẹ̀ wà ní etí ìró, ta ló kọ́ ọ ní káàdì? Nítorí náà, danfo ló kù fún wa. Ní 2017, gómìnà ìgbà náà, Akinwunmi Ambode, kéde pé òun máa kó danfo kúrò ní Èkó. Wọn ò tíì lọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò kú, ìjọba kọ̀ọ̀kan ló ń gbé e dìde. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún 2023, gbogbo wa mọ ohun tí owó ọkọ̀ ti dà. Lójoojúmọ́, ẹni tó ń ta ẹ̀fọ́ ń san ti ara rẹ̀, ó ń san ti ẹrù, ó ń san ti alábàárù, kó tó ta ìdì kan. Iye yẹn wà lórí ẹ̀fọ́. Oníbàárà ń bínú sí wa, bí ẹni pé àwa la pọ̀n ọ́n lé.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní ká lọ sọ fún ìjọba pé kí wọ́n má kó bọ́ọ̀sì tuntun wá mọ́, kí wọ́n fi ohun tó wà sílẹ̀. A ò fara mọ́ ìyẹn. Ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara nílò ọkọ̀ tó rẹlẹ̀, aboyún nílò ìjókòó, ọmọ iléèwé nílò ọkọ̀ tí kò ní pa á. Ohun tí a fẹ́ ni kí wọ́n pè wá kí wọ́n tó ra bọ́ọ̀sì, kí wọ́n má pè wá sí ayẹyẹ gígé tẹ́ẹ́pù nìkan. Kí wọ́n fi àyè ẹrù sínú rẹ̀, bó ṣe kéré mọ bí abẹ́ àtẹ̀gùn Routemaster. Kí bọ́ọ̀sì kan tàbí méjì máa jáde ní ìdájí fún àwa tó ń ra ọjà láti oko, tí a ó máa san owó ẹrù tó ní iye kan pàtó, tó ní rìsíìtì. Kí èèyàn kan wà nínú rẹ̀ tó lè gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní káàdì, kó sì fún un ní ṣéńjì. Iṣẹ́ ni ìyẹn fún ọmọ ẹnì kan pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ní owó oṣù rẹ̀ pọ̀ jù, ẹ sọ ìtàn nọ́ńbà 38 fún wọn.

Ìpàdé gbogbogbò oṣù tó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ yìí ló máa ṣáájú. Kí olúkúlùkù ìsọ̀ mú ìwé kékeré wá: ibùdókọ̀ tí wọ́n ti kọ ẹrù rẹ, irú ẹrù wo ni, aago mélòó, iye tí o wá san fún danfo. Ẹ má kọ orúkọ dírẹ́bà, kì í ṣe òun là ń bá jà. Ẹni tí kò bá lè kọ ọ́, kó sọ fún ọmọ rẹ̀ kó kọ ọ́, tàbí kó wá bá akọ̀wé ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀. Bí a bá ní igba ìwé lọ́wọ́, a ó mú un lọ sí káńsù, a ó sì jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi gbà á.